Abọ́ Tí Òjò Ń Bu Oúnjẹ Sí

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì 2025

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lórí gbọ̀ngàn. Aago mẹ́rin ni wọ́n pè é, ó di aago márùn-ún ààbọ̀ kí a tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, àdúrà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ìpàdé lọ. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní kí n máa lo gbọ̀ngàn, àmọ́ kí n má retí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo ní ẹ ṣé. Ibi ìdáná ti wà. Ohun tí a ó sè ló kù.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ilé ìwé ń gba họ́lídè, ọjọ́ yẹn náà sì ni oúnjẹ ọ̀sán ìjọba dúró, ó di àárín Sẹ̀tẹ́ḿbà. Ìyá Adéwùmí, tó ń se oúnjẹ náà nílé ìwé ẹ̀yìn ilé wa, sọ fún mi pé lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé padà, àwọn ọmọ jẹun tán, wọ́n bì í. "Inú wọn ti gbàgbé oúnjẹ, Àǹtí Yẹ́misí." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó ń fọ ìkòkò rẹ̀ lọ.

Mo ti dé ọ́fíìsì mẹ́ta láti tọrọ oúnjẹ họ́lídè fún wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n kọ lẹ́tà. Ẹnì kejì ní ta ló ní kí n kọ lẹ́tà. Ẹnì kẹta rẹ́rìn-ín: "Ebi kẹ̀? Ní Ìbàràpá níbí? Nígbà tí àgbàdo ń jábọ́ lórí tírélà?"

Ó rí tírélà lóòótọ́. Kò rí ibi tí tírélà ń kó o lọ.

Ọjọ́rú, 16 Júláì

Lanlátẹ̀. Malachi, tíṣà iṣẹ́ ọnà, wo ìwé tí mo kọ láti fi tọrọ oúnjẹ, ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. "Ẹ̀yin ẹ ń sọ fún wọn. Ẹ fi hàn wọ́n."

Ó fi igi ya á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Abọ́ gidi, èyí tí àwọn ọmọ ń gbé lọ sílé ìwé fúnra wọn. Kí a ta wọ́n sókè oríta Igbó-Ọrà, láti ara igi dóńgóyárò dé ara pátákó ilé epo tó ti kú yẹn, kí ẹnu wọn kọjú sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ á gbójú sókè, á rí i pé kò sí nǹkan nínú wọn. Ó parí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá dúró, á béèrè. Bó bá béèrè, á fún wa. Mo bi í pé á gbà á tó ìgbà wo. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní ọ̀sẹ̀ kan.

"Àǹtí, iṣẹ́ ọnà kì í ṣe búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì gan-an kì í pẹ́ tó báyìí."

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Júláì

Ìrẹsì tún ti gbówó lérí. Àgbàdo tútù kún ojú pópó bí yanrìn, àwọn tó gbìn ín ti tà á tán kí ó tó gbó.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Júláì

Àná àti òní, abọ́ ni mo ń gbà kiri. Kò sí ìyá tó ní ebi ń pa ọmọ òun. Gbogbo wọn ló mọ ìyá mìíràn tí ebi ń pa ọmọ tirẹ̀. Ohun kan náà ni mo sọ nílé kọ̀ọ̀kan: abọ́ lásán ni, ẹnikẹ́ni ò ní mọ abọ́ ta ni, a ó sì dá a padà kí ilé ìwé tó wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ ọ́ wá lábẹ́ aṣọ.

Ilé Salome ni mo parí sí, ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó. Ilé gaàrí ló ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń gun ọ̀kadà, kú lọ́dún tó kọjá, ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un: Purity, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ṣé ó dá yín lójú pé wọn ò ní mọ̀ pé tiwa ni?"

"Àwọn wo?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá Purity, èyí obìnrin, tó wà lábúlé lẹ́yìn Tápà. Àtìgbà tí a ti sìnkú tán ló ti ń sọ pé òun máa mú ọmọ, pé apá mi ò lè ká a. Mo ní mo lè bọ́ ọmọ mi. Bó bá wá gbọ́ pé mo gbé abọ́ ọmọ síta..."

"Ìyá Purity, abọ́ lásán ni. Mo ṣèlérí fún yín."

Purity fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, tánńganran funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ó ti fi eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó gbé abọ́ fún mi tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọrí rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Àǹtí, ṣé ẹ máa gba ọmọrí náà?"

Mo ní rárá. Ó mí kanlẹ̀.

Ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni Ìyá Adéwùmí, tó sìn mí lọ, ṣàlàyé fún mi. Ìdajì oúnjẹ ilé ìwé ni ọmọ yẹn ń jẹ lójoojúmọ́. Ìdajì tó kù, ó ń fi ọmọrí dé e, ó ń gbé e lọ fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 28 Júláì

Òjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Malachi dé ní aago mẹ́wàá dípò aago méje, ó ní ọ̀nà Lanlátẹ̀ ti di ọbẹ̀.

Ìṣòro. Kí ẹnu abọ́ lè kọjú sílẹ̀ láìjábọ́, ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò irin mẹ́ta tí á gbá a létí mú, torí a ò gbọdọ̀ lu abọ́ onílé níhò. Ó ní kí n fún òun di Ajé tó ń bọ̀. Mo ní láti Ẹtì ni àwọn ọmọ ò ti rí oúnjẹ ọ̀sán, ṣé irin ni wọ́n ń dúró dè? Mo ní kí ó ta àwọ̀n tí wọ́n fi ń de ẹrù tírélà, kí ó to abọ́ sórí rẹ̀, kí ẹnu wọn wòkè, kí ó fi okùn so wọ́n mọ́ ọn.

"Wọn ò ní rí inú rẹ̀ mọ́ o, Àǹtí. Ìdí abọ́ ni wọ́n á máa wò."

"Ìdí abọ́ kì í ṣe abọ́?"

Ó lọ wá àwọ̀n.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì kò ju èyí lọ: ọjà tó dára tó dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú, ẹrù ni.

Ọjọ́rú, 30 Júláì

Ó ti gòkè! Ó lé ní ọgọ́rùn-ún abọ́, rọ́bà, tánńganran, àlùmíníọ́mù, lókè oríta. Ọkọ̀ ń dẹ́kun ìsáré. Àwọn kan dúró pátápátá.

Búrẹ́mọ̀, alága àwọn ọlọ́kadà oríta, sún mọ́ mi. "Àǹtí, abọ́ àwọn ẹyẹ rèé àbí kí ni? Ẹ sọ ọ́ tètè, kí àwa náà lè gba fọ́ọ̀mù."

"Abọ́ àwọn ọmọ yín ni, Alága."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín títí ó fi gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀kadà sábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́, òjò dé. Abọ́ kún, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ti etí wọn kán sórí títì. N kì í tètè sunkún. Mo lọ dúró sẹ́yìn mọ́tò mi títí omijé fi gbẹ lójú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Èrò pọ̀ ju ti àná lọ. Tákísì tó ń lọ Ẹ̀rúwà dúró, gbogbo èrò inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbójú sókè, ètè wọn ń mì. Inú mi dùn. Mo fi ìgúnpá gún Ìyá Adéwùmí: "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń ka iye rẹ̀."

"Wọn ò ka iye kankan, Àǹtí. Orúkọ ni wọ́n ń kà."

Mo gbójú sókè.

Kútẹ́ẹ̀sì pupa. Ìyá wo ni kì í fi kútẹ́ẹ̀sì kọ orúkọ ọmọ sídìí abọ́, kí ó má baà sọnù nílé ìwé? Èmi náà kọ tèmi sídìí kúlà, sídìí ìkòkò, sídìí àga ike tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i débi pé n kì í rí i mọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi gba gbogbo abọ́ yẹn. Mo fọ̀ wọ́n, mo dojú wọn dé kí omi gbẹ lára wọn, mo tò wọ́n sẹ́yìn mọ́tò. Orúkọ ń wò mí. Mo sì ti wo ojú àwọn ìyá wọn, mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni TAYE àti KEHINDE. Ìyẹn kò burú. Ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, Táyé wo lẹ fẹ́ nàka sí? Àwọn SAMUEL wà, àwọn BLESSING wà, ilé mẹ́wàá mẹ́wàá ló ni wọ́n.

PURITY kan ṣoṣo ló wà nílùú yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ dorin. Ẹ̀bá ẹ̀rọ omi ni mo ti gbọ́ ọ:

*Piúrítì o! — O!*
*Sáré wá jẹun! — O!*
*Òjò ti bu tìẹ, ó wà lókè!*

Ọmọ náà dúró láàárín wọn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu ẹ̀rọ. Mo lé wọn. Wọ́n sá, wọ́n ń kọ ọ́ lọ.

Mo pe Malachi pé kí ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí. Ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà. Kí ó tó dé, fóònù mi dún. Ẹnjiníà Ọláídé ni, ọmọ bíbí ìlú yìí tó ń gbé Ìbàdàn. Wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun á gbé ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró, òun á sanwó àwọn alásè, títí ilé ìwé á fi wọlé. Ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, láti wá dúró sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Bó ṣe wà yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá a."

Malachi dé pẹ̀lú àkàbà. Mo ní kí ó dúró.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Lánàá Malachi lẹ bébà mọ́ ìdí àwọn abọ́. Òjò òru ya gbogbo rẹ̀. Òwúrọ̀ yìí bébà tútù wà káàkiri oríta bí ìyẹ́ adìẹ, orúkọ sì tún mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òjò ti fọ̀ wọ́n. A ò lè kùn wọ́n lọ́dà, nǹkan onínǹkan ni.

Malachi ní, "Ẹ jẹ́ kí n tú ti ọmọ yẹn nìkan."

Mo ní bí a bá tú ọ̀kan, gbogbo àwọn ìyá yòókù á ní kí a tú tiwọn, kí ló máa kù tí Ẹnjiníà á bá? Ó ku Àbámẹ́ta. Oúnjẹ gbogbo họ́lídè, fún gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Orúkọ ọmọ kan, fún ọjọ́ díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó jáde.

Èmi tí mo ń pariwo lé gbogbo ayé lórí pé wọ́n ń fi nǹkan falẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ilẹ̀ mọ́, àwọ̀n ti ní àyè káàkiri. Àwọn ìyá kan ti wá tú tiwọn nígbà tí ojú ò tíì ríran dáadáa.

Salome ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ló dé, ọjọ́ ọjà, tòun ti aṣọ iṣẹ́ ilé gaàrí lára, ó gbé ọ̀pá gọ̀ǹgọ̀ tí wọ́n fi ń ká mángòrò. Ó fi gọ̀ǹgọ̀ fa àwọ̀n wálẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi tó abọ́ náà. Ó tú okùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi inú rẹ̀ má baà dànù. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e lọ ilé ni. Ó gbé e wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àgbà.

"Ẹ gbà, Àǹtí. Oúnjẹ Purity rèé. Ẹ bá wa jẹ ẹ́."

Àwọn ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnì.

"Ìyá Purity, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ ní abọ́ lásán ni." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ ṣèlérí fún mi nínú yàrá mi."

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà fún un. Mo ti la ẹnu. Ó dìde, ó da omi náà sílẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu abọ́ gbẹ, inú àti ẹ̀yìn, ó lọ.

Búrẹ́mọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo rí orúkọ yẹn lọ́jọ́ kìíní. Èmi àti bàbá ọmọ yẹn la jọ gun ọ̀kadà níbí. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Àǹtí. Mo sọ fún ara mi pé ìwé tí ẹ kà pọ̀, ẹ á ní ìdí tí ẹ fi ṣe é."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹnjiníà dé pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta. Ó dúró sábẹ́ rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dùn ún dọ́kàn. Ó nàka sí àwọn àyè tó ṣófo.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?"

Mo ní afẹ́fẹ́ ló gbé e.

"Ó tilẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Ó jọ ọmọ tó sọnù."

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àpò ìrẹsì ti dé òkè àjà gbọ̀ngàn. A sọ àwọ̀n kalẹ̀. Iṣẹ́ yọrí. Bí mo bá ní ọ̀gá, ohun tí ǹ bá kọ ránṣẹ́ sí i nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

A bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ariwo ṣíbí nínú gbọ̀ngàn ju ti akọrin lọ. Ọmọ kan jẹun tán, ó sùn lọ sórí àga, orí rẹ̀ wà lórí èjìká ọmọ tí kò mọ̀ rí. Àwọn ìyá tó bínú sí mi náà rán ọmọ wọn wá.

Purity ò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Ọ́gọ́ọ̀sì

Kò wá.

Ọjọ́rú, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

A fi ẹyin sí i lónìí. Kò wá.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ bá Salome nílé gaàrí. Ó wà lórí àpótí, òkìtì ẹ̀gẹ́ níwájú rẹ̀, ọ̀bẹ ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Wọ́n ti mú ọmọ lọ. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tó wá tú abọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá láti abúlé pẹ̀lú fọ́tò nínú fóònù ọmọ rẹ̀.

"Abọ́ wa ni, Àǹtí, ó kún ojú fóònù. Wọ́n ní, 'Ṣé o ṣì máa sọ pé o lè bọ́ ọ?' Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Èmi á lọ mú un wá. Èmi á ṣàlàyé fún wọn."

Ó ju ẹ̀gẹ́ tó bó tán sínú agbọ̀n, ó mú òmíràn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ràn mí lọ́wọ́ mọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ. N kò gbọ́ràn.

Búrẹ́mọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé mi, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé mi. A kọjá Tápà, a já sójú ọ̀nà oko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀kadà lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá.

Mo ti múra ìjà lọ. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ti darúgbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí ìdí ìkòkò. Ó kí wa dáadáa. Purity jáde wá pẹ̀lú omi, ó kúnlẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti gùn sí i.

Kí n tó sọ ìdí tí mo fi wá, ọmọ náà ti gbé oúnjẹ síwájú mi: láfún, ọbẹ̀ ilá. Láti ibi tí mo jókòó mo rí ìkòkò tí wọ́n ti ha, ó dojú dé lẹ́bàá ààrò. Àwọn ọmọ ilé náà dúró lẹ́yìn ògiri, mo ń rí ẹsẹ̀ wọn. Mo ní mo ti jẹun ní Igbó-Ọrà.

Búrẹ́mọ̀ tẹ̀ sétí mi. "Ẹ jẹ ẹ́, Àǹtí. Ẹ ti pe ilé kan ní ilé ebi. Ẹ má pe ìkejì bẹ́ẹ̀."

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ oúnjẹ ọmọ náà lójú rẹ̀, mo ní ó dùn.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ obìnrin náà. Mo ní oúnjẹ ti wà nílùú báyìí, kí ó jẹ́ kí ọmọ bá mi padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Oúnjẹ wà títí di ìgbà wo?"

"Títí ilé ìwé á fi wọlé."

"Tó bá tún wá di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?" Ó gbé abọ́ tí mo jẹ tán kúrò níwájú mi. "Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹbí kì í gba họ́lídè."

Purity sìn wá dé ẹnu ọ̀nà oko. Ó bi mí bóyá wọ́n ti sọ àwọn abọ́ kalẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń kọ orin yẹn. Mo ní wọn ò kọ ọ́ mọ́. Lánàá òde yìí ni mo gbọ́ ọ.

Búrẹ́mọ̀ ti ṣáná sí ọ̀kadà kí ọmọ náà tó béèrè èyí tó kù lọ́kàn rẹ̀.

"Àǹtí, ta ló ń gbé ti màámi lọ fún wọn?"

Ọjọ́rú, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo gbé abọ́ ìrẹsì lọ fún Salome. Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́. Mo yà nílé aládùúgbò rẹ̀ kí n tó lọ. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Iṣu tuntun ti jáde. Rédíò sọ nípa wa lánàá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n pè mí síwájú, wọ́n ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n dìde dúró. Alága ìgbìmọ̀ sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ti wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Salome wà lórí àga ẹ̀yìn pátápátá. Òun náà dìde. Òun náà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Lẹ́tà dé láti Ẹ̀rúwà. Wọ́n fẹ́ kí a wá ta abọ́ sókè ní oríta tiwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Malachi ní kí n dá wọn lóhùn. N kò tíì dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ḿbà

Ilé ìwé wọlé. Mo lọ wo bí oúnjẹ ìjọba ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kankan ò bì. Ìyá Adéwùmí ní òun ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti ń sè é. Ó fẹ́ kí inú mi dùn.

A ò tíì bu oúnjẹ tán nígbà tí Salome dé ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná. Abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọrí wà lábẹ́ apá. Ó ní wọ́n ti mú Purity lọ Èkó, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta bàtà, pé ibẹ̀ ni á ti máa lọ sílé ìwé.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

Ó kí mi. Ó na abọ́ náà sí Ìyá Adéwùmí. "Ẹ fún ọmọ tí kò bá ní."

Ọmọrí wà lábẹ́ apá rẹ̀ síbẹ̀. Ó gbé e lọ.

Ìyá Adéwùmí yí ìdí abọ́ náà sókè. Salome ti fi abẹ fá orúkọ náà, ó fá a títí tánńganran fi bá a lọ. Irin dúdú ló kù, ó gùn bí orúkọ náà ṣe gùn.

Ọmọ kíláàsì kìíní kan, Keturah, ti fi àtẹ́lẹwọ́ dúró lórí ìlà, kò ní abọ́. Òun ni wọ́n fún. Ó jẹun tán, ó fọ abọ́ náà, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ti lọ tọrọ kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi kọ orúkọ mi."

Mo ní kò nílò orúkọ. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. "Wọ́n á gbé e. Wọ́n á ní kì í ṣe tèmi."

Mo gba kútẹ́ẹ̀sì. Keturah. Mo ro gbogbo ìlú já, n kò rí ìkejì rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ gàgàrà, Àǹtí, kí gbogbo èèyàn lè rí i."

Mo kọ ọ́ kékeré.